Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kì í fi pààrọ̀ bátìrì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó ń lo méjì

Sí gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣàgámù, títí dé Ìkẹ́nnẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tó ń wa Camry tàbí Corolla. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ ni mo ń bá wí, pàápàá àwọn MGB tí bàbá yín rà kí Nàìjíríà tó kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ́dún 1972, tí sítíárìn wọn ṣì wà lápá ọ̀tún di òní. Láti ìgbà tí a ti ń kọ bátìrì méjì sínú ìwé owó yín, àwọn kan ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ wọn kọ́lé. Ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá réwáyà, ṣé bátìrì kan ò tó ọkọ̀ kan mọ́ ni?" Ìbéèrè náà dára. Èsì rẹ̀ rèé.

Ọdún 1962 ni MGB jáde, Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí di 1980. Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti wá bátìrì máa wá a tì ni. Ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n fi í pamọ́ sí, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa ká kápẹ́ẹ̀tì náà, ẹ máa tú ìdérí irin kan, ẹ óò sì rí ihò méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì ọ̀pá gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ihò kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀, bátìrì 6 fóltì ló bá a mu. Wọ́n wá so méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, 6 lé 6 di 12. Ìparí ọdún 1974 ni iléeṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bátìrì 12 fóltì kan ṣoṣo sí i. Torí náà èmi kọ́ ni mo dá bátìrì méjì sílẹ̀ o.

Kí ẹni tó ní Porsche 911 tó ti bínú pé mo gbàgbé òun: tiyín náà, tó bá jẹ́ ti 1969 sí 1973, méjì ló ń lò, ọ̀kan ní igun iwájú lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n 12 fóltì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n so wọ́n sí, pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, 12 náà ló ṣì ń jáde. Jaguar E-Type kò ní wàhálà yìí rárá, ẹyọ kan ló ń lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Nínú bátìrì 6 fóltì, sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní fóltì 2. Tó bá yó dáadáa, mítà á ka nǹkan bíi 6.3. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá kú, á já wálẹ̀ sí bíi 4.2. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 6.3 pẹ̀lú 4.2 jẹ́ 10.5. Iná inú ọkọ̀ á ṣì tàn, hóòn á ṣì dún, àmọ́ ọkọ̀ kò ní sítáàtì. Ẹni tó ni ín á ní bátìrì òun kò lẹ́bi, sítátà ló bàjẹ́. Ó máa ra sítátà, síbẹ̀ ọkọ̀ kò ní sítáàtì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbé mítà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú yín kí a tó dá yín lẹ́bi owó kankan.

Ẹ óò wá sọ pé, "Ó dáa, ẹ pààrọ̀ èyí tó kú, kí ẹ fi èyí tó wà láàyè sílẹ̀." Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Iná kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá, ìwọ̀n kan náà, kò sí èyí tó lè gbà ju èkejì lọ. Bí ẹni méjì bá jọ gbé kọ́bọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn, ẹni tí kò lágbára nínú wọn ló máa sọ ibi tí wọ́n máa dé. Tí ẹ bá ń sítáàtì ọkọ̀, èyí tó ti gbó máa tètè gbẹ, èyí tó jẹ́ tuntun á sì máa fipá ti iná gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn á tún bà á jẹ́ sí i. Tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ lọ, tó ń gba cháàjì, èyí tó ti gbó yẹn ló tún máa kọ́kọ́ kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, omi rẹ̀ á máa fà lọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ cháàjì kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n, àpapọ̀ wọn ló ń wò, ó sì máa dín cháàjì kù nígbà tí tuntun kò tíì yó. Bátìrì tí ẹ fi owó gidi rà á wá máa wà nínú ebi títí yóò fi bàjẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ máa padà wá, ẹ óò sì ní ayédèrú ni mo tà fún yín.

Torí náà, méjèèjì la máa ń pààrọ̀ pọ̀, irú kan náà, agbára kan náà, èyí tí wọ́n ṣe ní àsìkò kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè fi 12 fóltì kékeré kan sínú ihò kan, kí ihò kejì di ibi tí ẹ ó máa kó sípánà àti jáàkì sí. Wáyà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ tẹ́lẹ̀ máa kúrò, a óò fi wáyà tuntun tó nípọn rọ́pò. Ó dínwó, ó sì rọrùn láti rí rà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn kí ọkọ̀ wà bí wọ́n ṣe ṣe é, àmọ́ n kò ní bá ẹni tó fẹ́ dín ìnáwó kù jà. Ohun tí n kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe ni kí a gbé bátìrì ínfátà síbẹ̀. Òjé inú rẹ̀ nípọn, wọ́n ṣe é kó máa tú iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Sítátà ní tirẹ̀ ń fẹ́ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì parí.

Ibi tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe owó. Gbogbo réwáyà ló mọ̀ pé wáyà dúdú, nẹ́gẹ́tíìfù, ló ń lọ sára bọ́dì. Nínú MGB tí wọ́n ṣe títí di 1967, òdìkejì ni: pósítíìfù ló wà lára bọ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yí i padà, tí wọ́n sì fi ọ́tánétọ̀ rọ́pò dáìnámò, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní cháàjì. Ẹni tí kò mọ èyí, tó bá fi ojú Corolla wo ọkọ̀ bàbá yín, á so ó lódì. Rédíò lè jóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ́tánétọ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn dáódì inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí iná gba ọ̀nà òdì, máa lọ kí ẹ tó pa ojú dé.

Ẹ má sì sọ pé ọdún ọkọ̀ ti tó ẹ̀rí. Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí àwọn ọkọ̀ yìí ti dé, ọwọ́ mélòó ló ti kàn wọ́n? Ẹlòmíràn ti yí tiẹ̀ padà kó lè fi rédíò ìgbàlódé sí i, kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Òfin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ni pé kí ọmọọṣẹ́ kankan tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, á kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀, á fi ìka tọ wáyà láti orí bátìrì dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtì dè é mọ́ bọ́dì, á wá kígbe èyí tó rí kí n gbọ́. Àwọ̀ wáyà kò já mọ́ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ló lè fi téèpù pupa dì í. Wáyà tó wà lára bọ́dì yẹn, pósítíìfù ni o, nẹ́gẹ́tíìfù ni o, òun la máa ń kọ́kọ́ tú, òun náà la máa ń so kẹ́yìn. Irin ló yí ẹnu ihò yẹn ká, kò sí àyè. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà kejì, tí sípánà kan etí irin náà, iná á bú jáde, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba cháàjì sì lè gbiná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń mu sìgá, ẹ bá wa jókòó sí òdìkejì ọ̀nà.

Tí bátìrì bá ti jáde tán, ẹ má kánjú gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa. A ní láti wo pẹpẹ irin tó jókòó lé. Ásíìdì ti jẹ òmíràn débi pé ẹ máa rí ilẹ̀ láti ibẹ̀. A máa ń fi omi àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì fọ̀ ọ́ títí kò fi ní hó mọ́, a óò jẹ́ kó gbẹ, a óò kùn ún. Tó bá ti dá ihò, ẹ óò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Nílé, ẹ bá mi ṣe àwọn nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í gbé ọkọ̀ yìí jáde àfi tí Ojúde Ọba bá dé tàbí tí ẹ bá ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ. Bátìrì tó bá jókòó tí agbára rẹ̀ (àpapọ̀ méjèèjì) ti wálẹ̀ ju fóltì 12.4 lọ, nǹkan funfun á máa dì sára òjé inú rẹ̀, tó bá sì ti pẹ́, cháàjì kò ní lè tú u mọ́. Ooru tiwa níbí tún ń jẹ́ kó yá. Kí ẹ kàn sítáàtì ọkọ̀ ní ọgbà, kó máa kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ran nǹkan kan lọ́wọ́: dáìnámò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú iná jáde tí ẹ́ńjìnì bá rọra ń ṣiṣẹ́. Ẹ wà á dé Ṣàgámù kí ẹ padà, tàbí kí ẹ gbé cháájà kékeré sí i. Tí omi bá fà, omi bátìrì ni kí ẹ rọ sí i, kò gbọdọ̀ jẹ́ ásíìdì. Piọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá kì í ṣe omi bátìrì, bó ti wù kó mọ́ tó.

Bátìrì tó bá kú, a máa ń gbà á padà, a sì máa ń yọ owó rẹ̀ kúrò lára ti tuntun. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra kòńdẹ́ẹ̀mù kiri. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ògijo, nílẹ̀ Rẹ́mọ wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì, tí wọ́n sì rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bàjẹ́. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ọmọ ti ń ṣeré, ẹ má da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ mọ bí ìlú ṣe máa ń rí. Bátìrì 6 fóltì kò sí lórí káńtà, Èkó la ti ń ránṣẹ́ gbé e, torí náà ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohùn yín kí oṣù Iléyá tó wọlé. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wá, ẹ ya fọ́tò ibi tí wáyà ti wọ bọ́dì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá lè rìn, a óò wá bá a nílé, owó epo nìkan ló máa lé e.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá réwáyà yín, Ìjẹ̀bú-Òde