Ẹ Ti Tíkẹ́ẹ̀tì Mi Pa, Ẹ Ò Sì Tíì Dá Mi Lóhùn

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Ọ́fíìsì Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá ń lọ níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mi, ìyẹn ẹ̀sùn tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín lórí sọ́fítíwíà yín tí mo fi ń tẹ rípọ́ọ̀tì àwọn oníbàárà mi sí PDF, ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Gbogbo èyí tí mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ṣáájú, róbọ́ọ̀tì ló ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ: ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, ọ̀rọ̀ yín jẹ wá lógún, ẹ máa gbúròó wa láìpẹ́. Mo wò ó pé róbọ́ọ̀tì náà lè má gbọ́ Yorùbá, kó wá di dandan pé kí ẹlẹ́ran ara kan ní Ìkẹjà jókòó kà á.

Mi ò ní tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé ohun tó bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ yín. Log, àkọsílẹ̀ ohun tí sọ́fítíwíà náà ń ṣe, wà lọ́wọ́ yín. PDF méjèèjì, èyí tó jáde kí update yín tó dé àti èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, wà lọ́wọ́ yín. Rípọ́ọ̀tì kékeré olójú ìwé kan tí mo fara balẹ̀ ṣe, kí ẹnjiníà yín lè tẹ̀ ẹ́ kó sì fojú ara rẹ̀ rí i, òun náà wà lọ́wọ́ yín. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba fáìlì mi báyìí, ìwọ̀nba tó nílò nìyí: update kan tí ẹ pè ní kékeré yí ẹ̀rọ tó ń tẹ PDF padà lábẹ́lẹ̀, láti ìgbà náà sì ni gbogbo orúkọ tó ní àmì lókè àti lábẹ́ ti ń jáde bí àpótí òfìfo. Àmì náírà náà di àpótí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tún sọ fún mi pé fọ́ǹtì mi ló fà á. Fọ́ǹtì náà kò yí padà. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá ti gun orí ẹ tàbí ọ, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un mọ́. Sọ́fítíwíà ni yóò gbé àmì náà jókòó sórí lẹ́tà, bí fọ́ǹtì bá ṣe júwe rẹ̀. Àmì náírà, U+20A6, kò sí nínú fọ́ǹtì 14 tí PDF bá wáyé, àfi kí ẹ̀rọ tó ń ṣe PDF di fọ́ǹtì tó ní in mọ́ fáìlì náà. Ẹ̀dà àtijọ́ yín ń ṣe méjèèjì láìráhùn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlò yín pé nínú nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ti ìkẹyìn kò ju àtúnṣe àléébù lọ, ti àkọ́kọ́ ni yóò yí bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun tó lè da iṣẹ́ oníbàárà rú. Ti ìkẹyìn lẹ yí. Iṣẹ́ mi ló dàrú.

Sọ́fítíwíà máa ń bàjẹ́, èmi náà ń kọ ọ́, mo mọ̀. Bó bá jẹ́ pé àléébù yẹn nìkan ni, lẹ́tà yìí ò bá má wáyé. Ohun tí ẹ fi ojú mi rí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bá wá.

Ìkẹjà ní ọ̀rọ̀ náà di ti ọ́fíìsì yín lókè òkun. Òkè òkun ní Ìkẹjà ni ẹni tí mo ra láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀, kí n padà sọ́dọ̀ wọn. Ìkẹjà ní kí n bá ẹ̀ka owó sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka owó béèrè pé kí ló kan àwọn. Ẹnì kan lórí chat ní kí n pa cache brówúsà mi rẹ́, ìyẹn ohun tí brówúsà kó pamọ́, nítorí PDF tí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, ń ṣe láàjìn nígbà tí kò sí brówúsà kankan ní ṣíṣí. Mo pa á rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mi ò bá pa á rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà kò fọwọ́sowọ́pọ̀.

Ìgbà tí ó sú mi ni mo pe fóònù.

Ọmọkùnrin kan ló gbé e. Mo kí i, kò dáhùn. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo kà á fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ fún developer yín ní fóònù.” Mo ní èmi ni developer. Ó ní, “Rárá, ẹni tó kọ code yẹn gan-an ni mò ń sọ.” Mo ní èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin kẹ̀?” Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tí èèyàn máa ń rín nígbà tó bá rò pé ẹni tó wà lódìkejì ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọmọ náà kò tíì wọ ilé ìwé gíga nígbà tí mo kọ ìkànnì àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún mi, bí ohùn rẹ̀ ò bá tàn mí.

Ó ní kò sí wàhálà kankan níbi tòun, ó ń jáde dáadáa. Mo bi í pé orúkọ wo ló fi dán an wò. Ó ní John.

John!

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi orúkọ ara rẹ̀ dán an wò, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ọmọ Yorùbá ni. Ó ní iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Ó wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ fún àwọn oníbàárà mi kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn láìsí àmì, “ṣebí gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Nígbà tí mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀, ó pòṣé sí mi létí. Mi ò ṣì í gbọ́. Ẹ máa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpè pé ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹ lọ gbé ti ọjọ́ náà jáde, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ tó gba fóònù, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó kí mi, ó bẹ̀ mí, ó ní inú òun kò dùn sí ohun tí mo là kọjá. Ó fi dá mi lójú pé kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹnjiníà kan yóò pè mí, tọ̀sán tòru lòun yóò sì fi máa tọpa ọ̀rọ̀ náà fúnra òun. Mo gba obìnrin náà gbọ́. Èyí ló dùn mí jù. Èébú ọmọdé, mo lè gbé e jù sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ dídùn tí àgbàlagbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo gbé lọ bá oníbàárà tèmi. Mo sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pé kó má tíì tẹ ìwé ìpàdé ọdọọdún, pé àwọn tó ni sọ́fítíwíà ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Ẹtì dé, ó lọ. Kò sẹ́ni tó pè. Ní ọjọ́ Ajé, ímeèlì wọlé pé ọ̀rọ̀ mi ti yanjú, ẹ ti ti tíkẹ́ẹ̀tì náà pa, ẹ wá ní kí n fún yín ní ìràwọ̀. Mo tẹ ẹyọ kan torí kò sí òdo níbẹ̀.

Ìpàdé ò lè dúró dè yín, nítorí náà a tẹ ìwé náà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé fi báírò tún orúkọ kọ títí ọwọ́ fi ń ro ó, síbẹ̀ kò lè tún gbogbo rẹ̀ kọ tán. Ìyá kan tó ti ń dá owó sínú ẹgbẹ́ náà látìgbà tí wọ́n ti ń fi ìwé pẹlẹbẹ ṣe é dìde láàárín èrò, ó na ìwé tiẹ̀ sókè, ó bi wá pé ṣé wọ́n ti yọ orúkọ òun kúrò ni, àti pé kí ni àpótí tó wà níwájú owó òun yìí. Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ̀ yín.

Ẹ gbọ́ ìyókù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí kúrò ní àìbìkítà tó di ẹ̀gbin. Níbi tí mo ti ń dúró dè yín, láísẹ́ǹsì ọdún mi parí. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní àwọn ò lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí mi ò sí lórí ètò ìtọ́jú. Àtúnṣe ti jáde ṣá, wọ́n ní, ó wà nínú ẹ̀dà ńlá tuntun, kí n san owó ọdún míì kí n lè rí i gbà. Mo lọ ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀dà náà. Ẹ ò kọ ọ́ pé ẹ tún ohun tí ẹ bàjẹ́ ṣe. Ẹ kọ ọ́ pé àmì orí lẹ́tà ti “dára sí i”, ẹ tò ó mọ́ àwọn ohun tuntun tí ẹ fi ń polówó. Mẹkáníìkì tó yọ nọ́ọ̀tì lára mọ́tò mi ló wá ń ta nọ́ọ̀tì náà fún mi.

Owó náà kì í sì í ṣe owó kékeré. Dọ́là lẹ ń gbà. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2023, dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní iye ìjọba. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Owó ọdún yín kò sún sẹ́yìn sẹ́ǹtì kan, ẹ tún ń lé owó orí ọjà 7.5% lé e. Mo ń san án. Mi ò pẹ́ san án rí, ẹ wo ìwé yín. Nígbà tí ẹ ní ẹ̀dà tuntun kò ní bá .NET 6, ìpìlẹ̀ Microsoft tí mo kọ iṣẹ́ mi lé, ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Microsoft fúnra rẹ̀ ti dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní oṣù Bélú 2024, mo sì ti kó iṣẹ́ mi lọ sórí .NET 8 kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ rí i pé alágídí kọ́ ni mí.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ẹ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Ẹ fi àtúnṣe náà sínú ẹ̀dà tí mo ti sanwó rẹ̀, tàbí kí ẹ fún mi ní ẹ̀dà tuntun láìgba kọ́bọ̀, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ dá owó gbogbo oṣù tí mi ò fi rí rípọ́ọ̀tì gidi tẹ̀ jáde padà fún mi. Kí ẹ sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan, kí èèyàn tó ní orúkọ fọwọ́ sí i, tí mo lè mú lọ ka fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà. Mi ò ní kí ẹ lé ọmọkùnrin yẹn níṣẹ́ o, iṣẹ́ ò sí nígboro. Ẹ kàn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Ẹ ti lé bàbá yẹn jáde nílé mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹni tó mú un wá yóò gba ìfọwọ́sí yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò rí i. Bí ọjọ́ náà bá pé tí mi ò gbúròó, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, pẹ̀lú gbogbo ímeèlì róbọ́ọ̀tì yín. Màá ní kí báńkì mi gba owó tí ẹ yọ kẹ́yìn lórí káàdì mi padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó lọ jù bẹ́ẹ̀, Ìkẹjà lẹ wà, Èkó sì ti dá ilé ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti 2018, fún owó tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Tiyín ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ má mikàn.

Kí ẹ má baà sọ pé mò ń halẹ̀ lásán: mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn rípọ́ọ̀tì náà kúrò lọ́dọ̀ yín. HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú ìwé ayélujára, ni mo fi ń tò wọ́n báyìí, brówúsà Chrome tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà láìṣí fèrèsé kankan ló ń sọ wọ́n di PDF. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ìyá yẹn jáde pé pérépéré, tòun ti àmì. Bí ẹ ṣe ń dá mi lóhùn ni yóò sọ bóyá àwọn oníbàárà mi yòókù tó ṣì wà lórí tiyín yóò dúró tàbí wọn yóò bá mi lọ, torí èmi ni wọ́n ń bi léèrè kí wọ́n tó rà.

Ẹ má fi fọ́ọ̀mù ìràwọ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹni tó bá máa pè mí, kó pè lójú ọ̀sán, kó má sì béèrè ọkùnrin kankan.

Èmi ni, oníbàárà yín títí di báyìí,
Bódìjà, Ìbàdàn.
(Orúkọ mi àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì mi wà nínú ìwé yín.)

Ẹ̀dà kan ti lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò mi.