Ẹ wọn ọkọ̀-ilé yín kí ẹ tó kọjú sí gúúsù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lábẹ́ àtíbàbà àwọn regbéregbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ń jà nínú ìpàdé àwọn ọmọ Rẹ́mọ náà, nígbàkígbà tí àwọn ará òkè òkun bá wálé. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní Chicago, Minnesota àti New York ń ta ilé, wọ́n ń fi owó rẹ̀ ra motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, kí wọ́n lè máa wà á lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bí òtútù bá dé. Àwọn ẹbí nílé ń bínú pé àgbàlagbà kì í gbé inú mọ́tò. Àwa ò rí ohun tó burú nínú kí àgbà máa gbé inú ọkọ̀. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ìwọ̀n ẹrù, omi, àti oṣù tí wọ́n ń gbéra, torí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kì í fẹnu kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹrù, òun ló lè gba ẹ̀mí. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìlẹ̀kùn ọkọ̀-ilé, tó sọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó wo ibùsùn, kí ẹ tó wo tẹlifíṣọ̀n. Ká ní ó kọ 680. Ó pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n omi ń bẹ nínú ìṣirò yẹn, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Táǹkì gálọ́ọ̀nù 50 ti Amẹ́ríkà ń gba nǹkan bíi lítà 189. Kílò 189 ti lọ. Tọkọtaya tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 75, 150 nìyẹn. Ó ku 341. Inú 341 yìí ni aṣọ, abọ́, irinṣẹ́, àga ìjókòó ìta àti oúnjẹ máa wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sì í rìnrìn àjò láìsí gààrí. Bí ẹ bá gbé àpò kílò 50 kan, tí ìyá tún gbé ọlọ àti ọmọ ọlọ, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti àpótí aṣọ òkè méjì sí i, ó lè ti tó 150 kí ẹ tó gbé ìkòkò kan wọlé. Ọlọ yẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Táyà ni ìwọ̀n àpọ̀jù ń kọ́kọ́ bá jà. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ní táyà méjì-méjì lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ ti inú bá dín kù, ti ìta ló ń dá ẹrù gbé, yóò gbóná, yóò bẹ́, ojú kò sì ní tètè rí èyí tó ṣe é nítorí pé ti inú fara pamọ́. Nítorí náà, ẹ di gbogbo ẹrù, ẹ rọ omi àti epo kún, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ wà á lọ sórí òṣùwọ̀n CAT tó wà níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ àjàgbé ń dúró sí. Ó ń wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ó ń wọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ẹ fi iye tó bá jáde wá afẹ́fẹ́ tó yẹ nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn. Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọn afẹ́fẹ́, kí táyà tó yí rárá. Kí ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Oòrùn àti ìdúró sójú kan ń mú táyà gbó láìrìn. Tó bá ti ń lọ sí ọdún márùn-ún sí méje, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dà bíi tuntun. Fọganáísà lè sọ pé ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Ẹ má gbà.

Ìgbà wo ló yẹ kí èèyàn gbéra? Láti Chicago, kí oṣù kẹwàá tó parí. Síbẹ̀, ẹ má sáré wọ etíkun Florida, torí àsìkò ìjì líle ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, kò sì parí títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Ẹ dúró díẹ̀ ní Tennessee tàbí Georgia. Ibẹ̀ náà ní òkè: ní Monteagle ní Tennessee, lójú ọ̀nà I-24, ẹ wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóòórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà bíréèkì kò ní mú mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí eré dín kù, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kìlómítà 320 lóòjọ́ ti tó fún àgbàlagbà.

Bí òtútù bá bá yín lójú ọ̀nà, omi inú páìpù yóò di yìnyín, yóò wú, yóò la páìpù. Ẹ rọ omi sínú táǹkì, kí ẹ yọ rọ́bà tó ń gbé omi wọlé láti ìta kúrò kó tó di alẹ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń lo gáàsì. Àwọn kan ń lo hítà iná mànàmáná kí gáàsì má bàa tán. Ara wọn ń gbóná, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ gáàsì ló ń fẹ́ ooru dé abẹ́ ilẹ̀ níbi tí táǹkì àti páìpù wà, hítà kò lè dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nínú òtútù gbọ́dọ̀ fa gbogbo omi rẹ̀ tán, kó sì rọ omi píǹkì tí wọ́n fi propylene glycol ṣe sínú páìpù. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rọ sínú radiétọ̀ jẹ́ ethylene glycol, májèlé ni, kò gbọ̀dọ̀ kan páìpù omi mímu. Bí ẹ bá dé gúúsù, ẹ fọ táǹkì: bílíìsì mílílítà 60 fún gálọ́ọ̀nù omi 15, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ ṣàn án títí òórùn yóò fi lọ.

Táǹkì ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń bà jẹ́ láìmọ̀. Wọ́n á dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á so rọ́bà mọ́ ihò ìdàgbẹ́, wọ́n á ṣí ẹnu táǹkì sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Omi yóò ṣàn lọ, ìgbẹ́ yóò ṣẹ́ kù, yóò gbẹ, yóò dúró bí òkìtì ọ̀gán. Ẹ tì í títí yóò fi tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tìgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, lẹ́yìn náà omi ìwẹ̀ àti omi abọ́, kí ìyẹn lè fọ rọ́bà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Iná kò nira: ojú iná 30 ampia níbi ìgbọ́kọ̀sí ń fúnni ní wáàtì 3,600, 50 ń fúnni ní 12,000. Lórí 30, ẹ má tan ẹ́sì àti sítóòfù iná pọ̀. Ní ti ìlera, ẹ béèrè kí ẹ tó lọ: Medicare ìpìlẹ̀, ìyẹn ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àgbàlagbà, ń bá yín dé gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Medicare Advantage, èyí tí ilé iṣẹ́ aládàáni ń ṣe, kò kọjá àdúgbò tí ẹ ti gbà á. Ẹni tó bá ti pé ọdún 62, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, kó gba Senior Pass, ìyẹn káàdì àgbàlagbà fún àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀; ó ń dín owó ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ ìjọba àpapọ̀ kù sí ìdajì.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó kan ilé gan-an. A gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ gbé ọkọ̀-ilé yìí wá sí Ìjẹ̀bú nígbà tí wọ́n bá gbádùn rẹ̀ tán. A bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Iná inú rẹ̀ jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230. Tiransifọ́mà lè yí fóltì padà, ṣùgbọ́n kò lè yí ìlù iná padà, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀: 60 ni tiwọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 ni tiwa, mọ́tò ẹ́sì wọn yóò sì máa gbóná jù nítorí ìyàtọ̀ yìí. Òrùlé rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí létí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gùn ún wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, òjò Ìjẹ̀bú yóò wọ ibi tó ti là, yóò jẹ pákó inú ògiri kí àbààwọ́n tó hàn rárá. A kò sì ní ibi tí wọ́n ń da táǹkì ìgbẹ́ sí lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin; àfi ṣọ́kàwéè ilé ẹni.

Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tó lè sùn sí níbí, kó ra bọ́ọ̀sì Hiace tó dára, kó yọ àga ẹ̀yìn, kó fi pákó kan ibùsùn mítà 1.9. Bátìrì lithium 200 ampia-wákàtí àti sóló wáàtì 400 yóò gbé fáànù, gílóòbù àti fíríìjì kékeré tó ń lo fóltì 12. Kò ní gbé ẹ́sì. Ẹ fi fíúùsì sí okùn bátìrì, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, torí okùn iná tó bá kanra láìsí fíúùsì yóò jó ọkọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí rewáyà tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ sì dúró tì í títí yóò fi parí.

Àwa ni tiyín,
Tọkọtaya òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde.