Àdùkẹ́, ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? N kò bi ọ́ bí ẹni ń kí èèyàn lójú ọ̀nà o, mo fẹ́ mọ̀ ní ti gidi. Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru ọjọ́sí, mo sì tún un gbọ́. O sọ̀rọ̀ díẹ̀, o dákẹ́, mímí rẹ nìkan ni mo ń gbọ́, lẹ́yìn náà ni o wá ní, "Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ń fìyà jẹ mí yẹn ti kúrò. Kí ló wá kù tí mo ń sunkún sí? Ọ̀lẹ lásán ni mí." Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ló mú kí n jókòó ti ìwé. Tí a bá ní ká sọ ọ́ lórí fóònù, wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, wàá sọ ọ́ di ẹ̀rín, a ó sì fi bẹ́ẹ̀ túká.

Kí n tètè kó ìròyìn yòókù kúrò nílẹ̀: ìyàwó àbúrò mi ti bí, obìnrin ni, tìyá-tọmọ wà lálàáfíà. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Mo sì gbọ́ pé àbúrò rẹ tí a máa ń lé kiri nítorí iṣẹ́ ilé-ìwé ti di olùkọ́. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, o ò sọ fún mi. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń kọ mí lóminú, nítorí ìwọ kì í fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Eric Nestler, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Icahn ní Mount Sinai, New York. Ọ̀dọ̀ Paul Greengard ló ti kọ́ṣẹ́ ní Yale, Greengard tó wà lára àwọn mẹ́ta tó jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2000. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: tí másùnmáwo bá há èèyàn mọ́lẹ̀ títí, kí gan-an ló ń yí padà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀? Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ ti ń ká mi lára ni mo ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Èkúté ni wọ́n fi ń ṣe é. Má tíì gun orí àga o, mo mọ̀ ọ́ tí èkúté bá wọ ọ̀rọ̀.

Wọ́n á mú èkúté kékeré kan, wọ́n á jù ú sínú àgò èkúté mìíràn tó tóbi jù ú lọ, oníjà paraku. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá péré ni wọ́n á fi jẹ́ kó lù ú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi pátákó oníhò tó mọ́ gaara dá àgò náà sí méjì. Ẹni tó lù ú kò lè fọwọ́ kàn án mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí i, ó ń gbóòórùn rẹ̀, títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì, oníjà mìíràn. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe lílù yẹn ló dùn mí jù, gbogbo wákàtí tí kò sí lílù ni. Ìwọ lo sọ fún mi pé tí bàtà ọ̀gá yẹn bá ti ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àyà rẹ ti ń já, kó tó ya ẹnu rárá.

Tí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, wọ́n á gbé èkúté náà sínú àpótí tí àjèjì èkúté wà lẹ́yìn wáyà níbẹ̀. Èkúté tí ara rẹ̀ dá á lọ bá àlejò, á máa fi imú tọ ọ́, nítorí wọ́n fẹ́ràn ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n ti lù, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta á sá lọ sí igun tó jìnnà jù, wọ́n á ká jọ síbẹ̀. Omi ṣúgà tí wọ́n ń sáré mu tẹ́lẹ̀ kò wù wọ́n mọ́. Ìdá kan tó kù á lọ bá àlejò bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lílù kan náà, ọjọ́ mẹ́wàá kan náà, bẹ́ẹ̀ apilẹ̀ àbùdá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra rárá, nítorí inú ìran kan ṣoṣo ni wọ́n ti mú gbogbo wọn.

Ibí yìí ni mo ti rántí Ṣadé. Gbogbo ìgbà lo máa ń ní ẹ jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, òun ń rẹ́rìn-ín, ìwọ ò lè dìde lórí ibùsùn. Ní 2007, Nestler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé èsì jáde lórí ìyàtọ̀ yìí gan-an. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tú dopamine jáde, èròjà tó ń jẹ́ kí nǹkan wuni í ṣe. Nínú èkúté tí lílù náà wọ̀ lára, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ àṣejù, wọn kò rọlẹ̀. Nínú èyí tí kò wọ̀ lára, ara ti ṣe àfikún ihò tí potassium, èròjà kan bí iyọ̀ nínú ara, ń gbà jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ló sì ń rọ̀ ọ́ padà sí bó ṣe yẹ. Apilẹ̀ àbùdá tó yí padà níbẹ̀ nínú àwọn tó dà bíi pé nǹkan kan kò ṣe sì pọ̀ ju ti àwọn tó ká jọ sí igun lọ. Ṣé o rí i? Ìgboyà kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ kan ń lọ nínú ara àwọn kan tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nínú ti àwọn yòókù. Fi Ṣadé sílẹ̀.

Ọ̀gá ti lọ, kí ló wá kù? Ìbéèrè tìrẹ nìyẹn, mi ò sì rí ẹni tó dáhùn rẹ̀ tó ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2006. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní BDNF, òun ló ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó sì ń jẹ́ kí wọ́n lè so mọ́ ara wọn. Ní hippocampus, ibi tí ọpọlọ ń lò fún ìrántí, BDNF àwọn èkúté tí wọ́n lù já wálẹ̀. Wọ́n wo purotéènì tí DNA wé mọ́ níbẹ̀, wọ́n bá àmì tíntìntín lára rẹ̀ tó ti apilẹ̀ àbùdá yẹn pa, bí ẹni fi àgádágodo sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n padà wá wò ó lóṣù kan lẹ́yìn tí lílù ti dópin. Àmì náà ṣì wà digbí. Kò sí oníjà nítòsí mọ́, kò sí ẹni tó ń lu ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò ṣí. Ohun tó kù nìyẹn, Àdùkẹ́.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ní apá ibòmíràn nínú ọpọlọ kan náà, nucleus accumbens, àpọ̀jù BDNF ni ìṣòro. Níbẹ̀, òun ló ń kọ́ èkúté láti máa sá fún gbogbo ẹlẹ́gbẹ́, títí kan èyí tí kò ṣe é ní ibi rí. Wọ́n rí àpọ̀jù yìí náà nínú ọpọlọ àwọn èèyàn tó kú pẹ̀lú ìsoríkọ́. Ìdí nìyí tí inú fi máa ń bí mi sí àwọn tó ń sọ pé "tújú ká, ó tán." Kí ni ká tú ká?

Ohun mìíràn tó bí mi nínú: akọ èkúté ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí oníjà ńlá yẹn kì í sábà kọlu abo. Nígbà tí wọ́n wá fi ọpọlọ ọkùnrin àti ti obìnrin tó ní ìsoríkọ́ wéra ní 2017, díẹ̀ ló bára mu nínú àwọn apilẹ̀ àbùdá tó yí padà. Ó yẹ kí wọ́n ti wo tiwa tipẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ oògùn. Imipramine ni wọ́n fún àwọn èkúté yẹn, oògùn ìsoríkọ́ tí Roland Kuhn, dókítà ará Switzerland, kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1957. BDNF wọn gòkè padà. Oògùn náà kò sì pa àmì àkọ́kọ́ rẹ́ o, ó fi àmì mìíràn tó ń ṣí nǹkan kún un, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ràn wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n fi lò ó, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí èkúté tó ká jọ sí igun tó tún lọ bá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ sì sọ fún mi pé o ti ju tìrẹ sínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí o ò rí àyípadà. Àwọn oògùn yìí kì í yára, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn sì wà fún ẹni tí wọn kò bá ràn: láti 2019 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí esketamine, èyí tí wọ́n ń fín sí imú lójú dókítà. Ihò potassium yẹn náà ti mú kí wọ́n gbé oògùn wárápá kan, ezogabine, wò fún àwọn tó ní ìsoríkọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021: ohun tí wọ́n ń wá nínú àwòrán ọpọlọ kò hàn kedere, ṣùgbọ́n ara àwọn tó lò ó fúyẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo, èyí tí kò ní èròjà oògùn kankan nínú.

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, padà lọ bá dókítà yẹn. Sọ fún un pé o ti dá a dúró, má fi pamọ́. Tó bá ní kí o bẹ̀rẹ̀ padà, bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní òun á pààrọ̀ rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ọkọ rẹ sì mọ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ọ́, o sì ń jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Èkúté tó ká jọ sí igun kò pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ìwọ lo fi ìyẹn kún ìyà tó ń jẹ ọ́, èmi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́.

Ó ku ohun kan tí n kò fẹ́ fi wé nǹkan kan. Nígbà tí ohùn tí o fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, o ní, "Ó ti sú mi." Ṣé iṣẹ́ ló sú ọ, àbí ayé? Dá mi lóhùn bó ṣe rí gan-an. Tó bá jẹ́ ayé ni, má ṣe jókòó kọ èsì lẹ́tà. Jí ọkọ rẹ, kó gbé ọ lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn náà, kí o sì pè mí lójú ọ̀nà. Fóònù mi kì í kú. N kò ní bínú, n kò ní bá ọ wí, n kò sì ní sọ fún Màmá.

Mo ti gbàyè ìsinmi fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Tí o bá fẹ́ kí n wá, sọ ọ́ nísinsìnyí kí n lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. N ó bá ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, n ó jókòó síta dè ọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyábọ̀