Ẹ rántí àwọn akọ̀wé lọ́yà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tí ẹ kọ lórí àwọn lọ́yà ńláńlá dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ ò dárúkọ akọ̀wé wọn kan ṣoṣo, ó sì dùn mí. Ẹni tó bá ti gbé ẹjọ́ dé ọ́fíìsì lọ́yà rí mọ̀ pé akọ̀wé ló ń wá fáìlì, òun ló ń ṣọ́ ọjọ́ kí gbèdéke má baà kọjá, òun ló sì mọ ìwé tí kóòtù máa dá padà.

Ẹ wo Charles Bradlaugh, ará London, láyé Ọbabìnrin Victoria. Akọ̀wé lọ́yà ni bàbá rẹ̀. Òun alára ṣe ṣójà, ó kúrò níbẹ̀ ní 1853, ó wá iṣẹ́ dé ọ́fíìsì lọ́yà kan. Iṣẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán ló ṣẹ́ kù, ṣílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ó gbà á. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wà níkàáwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò di lọ́yà títí ó fi kú.

Ní 1880, Northampton dìbò yàn án sílé aṣòfin. Kò gba Ọlọ́run gbọ́ (èmi ò bá a lọ níbẹ̀ rárá), ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jẹ́jẹ̀ẹ́ dípò ìbúra lórúkọ Ọlọ́run. Wàhálà dé. Wọ́n tì í mọ́ ilé gogoro aago tó wà nílé aṣòfin, ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Ní August 1881 wọ́n wọ́ ọ jáde nílé aṣòfin, ẹ̀wù fàya mọ́ ọn lára. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Northampton tún yàn án.

Ẹjọ́ Clarke ló wú mi lórí jù. Ọkùnrin yìí pè é lẹ́jọ́ pé ó dìbò nínú ilé láìbúra, kó san pọ́n-ùn 500. Kóòtù ìsàlẹ̀ dá a lẹ́bi. Bradlaugh fẹnu ara rẹ̀ rojọ́ dé House of Lords, kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì dá a láre ní 1883: ìjọba nìkan ló lè béèrè irú owó ìtanràn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn yà wá láti ìgboro. Ìdí tábìlì akọ̀wé ló ti kọ́ òfin tó fi rojọ́ yẹn. Ó jókòó nílé aṣòfin ní 1886, nígbà tó sì di 1888 ó mú òfin wá tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti jẹ́jẹ̀ẹ́ dípò ìbúra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwọn akọ̀wé lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì láàrin wa, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn, kí ẹ sì tẹ àwòrán wọn síbi tí ẹ tẹ ti àwọn ọ̀gá wọn sí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn