Gílóòbù tó o rán wá, ibi ààrò ẹja ló wà báyìí

Ẹ̀pẹ́, alẹ́ Sátidé

Ọ̀rẹ́ mi Bàbá Ìbejì,

Àsàlámù àlékúm o. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́, òtútù Jámánì yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa wà níbí, a dúpẹ́, ẹja ń jáde, epo mọ́tò ló wọ́n bí ojú.

Mo mọ̀ pé o ti ń fura sí mi. O ti bi mí tó ẹ̀ẹ̀mẹta lórí WhatsApp pé "iná yẹn ńkọ́, ṣó mọ́lẹ̀?" tí mo kàn ń sọ pé "ó mọ́lẹ̀ gan, o ṣeun" tí mo sì ń yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíì. Mi ò parọ́ o, ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé mo ti yọ ọ́ kúrò lójú mọ́tò láti bí oṣù kan. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́ kó yé ẹ, torí tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o ò ní jẹ́ kí n dé ìdajì kó o tó máa pariwo lé mi lórí.

O rántí Hilux mi, ìwọ lo bá mi nájà ẹ̀ kó o tó lọ. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò ní wàhálà kankan, ṣùgbọ́n iná iwájú ẹ̀ dà bí àtùpà tí epo ẹ̀ fẹ́ẹ́ tán. Èmi tí mo ń gbéra ní aago mẹ́ta òru kí àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún àwọn ìyá tó gbé iṣẹ́ fún mi lè dé Mile 12 kílẹ̀ tó mọ́! Láti Ẹ̀pẹ́ dé Itoikin, gba Ìmọ̀ta wọ Ìkòròdú, ibi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ òkùnkùn biribiri ni, àwọn ọlọ́kadà kan ò ní tan iná, ewúrẹ́ á sùn sórí kọlitá bíi pé bàbá ẹ̀ ló la títì. Kí n tó rí kòtò, táyà ti wà nínú ẹ̀.

Kó o tó rán tìẹ, mo ti kọ́kọ́ gbọ́n ọgbọ́n ti ara mi, mo lọ sí Òwódé Onírin. H4 ni mọ́tò mi ń lò, èyí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí òwú méjì wà nínú gílóòbù kan, ọ̀kan fún dìmù, ọ̀kan fún fúlù. Èyí tó máa ń bá irú mọ́tò yẹn wá, fúlù ẹ̀ jẹ́ watt 60, dìmù ẹ̀ jẹ́ 55. Ọmọ tó ń ta pààtì ní kí n má bá ìyẹn lọ, kí n gba 100 àti 90, pé kódà kòkòrò lórí ewé ni màá máa rí. Òótọ́ ló sọ, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi gbádùn ẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún mo dé itòsí Ìmọ̀ta, mo ń gbóòórùn ike tó ń jó, mo rò pé àwọn tó ń sun pàǹtí ni, mo tiẹ̀ tún yí wíǹdò sókè kí èéfín wọn má baà wọlé, òórùn ò lọ, ó tún ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí mo páàkì tí mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù apá òsì ti yọ́ bí òrí. Dìmù nìkan ni mo tàn dé Ìkòròdú, ojú kan ṣoṣo, bíi Hilux afọ́jú-apákan.

Ìgbà náà ni mo sọ fún ẹ, tó o ní kí n má ṣèyọnu, o máa rán LED sí mi. Ó dé, mo ṣí páálí ẹ̀, wọ́n kọ lumen 20,000 sí i lára, fáànù kékeré tiẹ̀ wà nídìí ẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ kó má gbóná, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ sí sítátọ́ọ̀sì. Ọmọ rewáyà kan tó wà nítòsí gáréèjì wa ló bá mi fi í sí i, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo tan iná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò funfun báláú. Àwọn ọmọdé ń jó níwájú mọ́tò. Wàhálà kan ṣoṣo tí mo kọ́kọ́ rí ni pé tí mo bá ti tan iná, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣáááá, mi ò gbọ́ ìròyìn mọ́. Mo ní kí rédíò lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Nǹkan kejì ni pé, bó ṣe funfun tó yẹn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà jìnnà. Níwájú mọ́tò níbí, bí ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n iwájú lọ́hùn-ún níbi tí kòtò wà, bíi pé mi ò tanná rárá. Àṣé ojú èèyàn, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù nítòsí ẹ̀, ẹyin ojú á sún kì, kò ní rí ibi tó ṣókùnkùn mọ́. Tí kùrukùru ọsà bá sì wá bolẹ̀ ní Itoikin, ògiri funfun ni mo ń wà mọ́tò lọ bá.

Mo fara dà á. Torí tìẹ ni mo ṣe fara dà á, má jẹ́ n tàn ẹ́.

Àfi lóru ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ lápá Àgbọ̀wá, mo wà lórí dìmù o, mo fi Ọlọ́run búra, dìmù ni. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ìyá àgbà kan sẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ òyìnbó. Mo rí i tó gbé ọwọ́ bojú, lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́, inú gọ́tà ló wọ̀. Mo sáré bọ́ọ́lẹ̀, àyà mi ń lù kìkìkì. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe, ọ̀pẹ òyìnbó ló fọ́n ká títì. Ìyá yẹn ò tiẹ̀ bú mi, wọ́n kàn jókòó sórí koríko, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé mọ́tò lò ń wà ni àbí oòrùn lo gbé rìn lóru?" Mo sanwó ọ̀pẹ òyìnbó, mo bá wọn ṣà á. Bàbá Ìbejì, mi ò lè sùn lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ tírélà ló ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ńkọ́?

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé mọ́tò lọ bá bàbá rewáyà tó wà l'Ódògùnyán, àwọn tó ti ń ṣe wáyà mọ́tò kí wọ́n tó bí wa. Mo ní kí wọ́n bá mi wá LED mìíì tí kì í fọ́ni lójú. Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n mú gílóòbù H4 tó ti jó kan látinú agolo, wọ́n ní kí n wo ife irin kékeré tó wà lábẹ́ òwú dìmù. Ife yẹn ni kì í jẹ́ kí iná dìmù bọ́ sí ìsàlẹ̀ díńgí inú hẹ́dí-láìtì, torí èyí tó bá bọ́ síbẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń ta lọ. Ibi tí òwú wà yẹn gan-an, wọ́n wọ̀n ọ́n ni, díńgí ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni iná ń gbà wá. LED ò ní òwú, ó nípọn, tí ibi tó ti ń tan bá fi díẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díńgí á kàn máa da iná sókè sódò bí ẹni da omi nù. H4 ti wà láti 1971, ó dàgbà ju èmi àtìwọ lọ, ta ló mọ LED mọ́tò nígbà yẹn?

Mo wá rántí nǹkan kan, inú bí mi sí ẹ díẹ̀. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, téèyàn bá ki LED tí ìjọba ò fọwọ́ sí fún mọ́tò ẹ̀ bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún halogen, ìyẹn gílóòbù olówùú bíi H4 yìí, kò ní kọjá ní TÜV, ibi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò? O mọ̀ o, o wá kó o ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. O ní a ò ní TÜV, àbí? Ó dáa, mo ti dárí jì ẹ́.

Bàbá wá ní kí n stáàtì mọ́tò. Wọ́n fi mítà wọn bátìrì, volt 14.1. Wọ́n fi halogen sí i padà, wọ́n tan iná, wọ́n lọ wọ̀n ọ́n nídìí gílóòbù, volt 11.2! Wọ́n wò mí, wọ́n ní "o ò nílò gílóòbù tó ju eléyìí lọ, iná tó o ní ò kàn dé ibi tó ń lọ ni." Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti bátìrì lọ sí súìṣì ìdí sítíárìn, tó tún padà wá síwájú, gbogbo ojú ibi tó ti so pọ̀ ti dípẹtà nítorí atẹ́gùn ọsà àti omi yìnyín ẹja. Ohun tó sì dùn mí ni pé halogen kì í dín bí volt ṣe ń dín, ó ń yára jù ú lọ: tí volt bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Tèmi sì ti ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí 100 watt yẹn fi sun sọ́kẹ́ẹ̀tì: gílóòbù méjì ń fa ju ampere 16 lọ gba inú wáyà tí wọ́n ṣe fún bíi 10.

Rìléè méjì ni wọ́n fi sí i, ìyẹn súìṣì kékeré tí iná díẹ̀ ń jí kó lè gbé iná ńlá kọjá, ọ̀kan fún dìmù, ọ̀kan fún fúlù. Wọ́n fa wáyà tó nípọn láti bátìrì, fíùsì wà nídìí bátìrì níbẹ̀ gan-an, ó wọ ẹsẹ̀ 30 rìléè, ó gba ẹsẹ̀ 87 jáde lọ sí gílóòbù. Wáyà àtijọ́ tó ń bọ̀ láti súìṣì wá di ẹni tó kàn ń jí rìléè nìkan, ní 85 àti 86. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bàbá gan-an lọ́wọ́, torí Toyota yẹn, pọ́sítíìfù ló máa ń wà nídìí gílóòbù nígbà gbogbo, nẹ́gátíìfù ni súìṣì ń já. Ọmọ tó kọ́kọ́ ṣe é fún mi, mi ò rò pé ó mọ̀yẹn. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá ń fi halogen tuntun sí i, kí n má fọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀, torí ọ̀rá ọwọ́ á gbóná síbẹ̀, á pa gílóòbù láìtọ́jọ́. Àti èmi tí ọwọ́ mi kì í kúrò nínú ẹja!

A wọn volt lẹ́yìn ẹ̀: 13.6. Gílóòbù 60 àti 55 lásán, èyí tí mo ti ń pè ní àtùpà látọjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ike iwájú iná ti pọ́n bí ìtọ̀ oníbà, oòrùn ló jó o. A fi sáńpépà 800 àti omi fọ̀ ọ́, ká tó fi 1000, ká tó fi 2000, ká tó fi pólíìṣì parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti apá òsì ti sán, omi ti wọnú ẹ̀, mo ní láti ra tókúnbọ̀. Ibí yìí ni mo tún ti kọ́gbọ́n. Oníṣọ́ọ̀bù gbé ọ̀kan fún mi, ó mọ́ tónítóní, mo ti ń kówó jáde, bàbá ní kí n dúró. Wọ́n so ó mọ́ bátìrì, wọ́n tàn án sí ògiri, ìmọ́lẹ̀ dìmù ẹ̀ gùn lọ sókè lápá òsì. Wọ́n ní láti Japan ni, apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀, torí náà iná wọn ń gbójú sókè sí etí títì lápá òsì. Àwa ti bọ́ sápá ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, tó bá jẹ́ pé mo lò ó, ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló máa gbójú sókè sí. Mélòó irú ẹ̀ ló wà lójú títì wa yìí? Àwa á máa bú dírẹ́bà pé kò paná fúlù, dìmù ẹ̀ ló wà o.

Nígbà tí a fẹ́ tọ́ ọ sójú ọ̀nà, wọ́n ní kí n lọ gbé kúlà méjì tó kún fún yìnyín sẹ́yìn, bí mo ṣe máa ń rù ú lóru. Mo ní kí ló kan yìnyín. Àṣé tí ẹ̀yìn bá rẹlẹ̀, imú mọ́tò á gbé sókè, iná náà á tẹ̀ lé e. A páàkì ní mítà mẹ́wàá sí ògiri, a fi téèpù sàmì sí gíga gílóòbù, a wá ń yí súkúrúù ẹ̀yìn iná títí ojú dìmù fi wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ téèpù. Iṣẹ́ wákàtí kan, torí súkúrúù ẹ̀ ti dípẹtà mọ́ra.

Mo tún ti gba Àgbọ̀wá kọjá lóru àìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó fi iná bú mi mọ́. Mò ń rí ewúrẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Rédíò náà ti padà.

LED rẹ wá ńkọ́? Ìyàwó mi gbà á. Ó ní kí ọmọ wa bá òun so ọ̀kan mọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ níbi ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja, wọ́n fi okùn gbé e kọ́ sórí igi níbi tí iná ààrò ò ti lè dé e. Àwọn aládùúgbò kọ́kọ́ rò pé NEPA ló mú iná dé, wọ́n sáré lọ kì fóònù wọn bọ ṣájà. Ẹja tó bá jóná díẹ̀ báyìí, ó ti rí i kó tó dú. Ó ní kí n bá òun kí ẹ, ó ti di ẹja mẹ́fà sápá kan fún Ìyá Ìbejì, a ń wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ṣé ẹ ń bọ̀ fún ọdún Káyọ̀káyọ̀ àbí irọ́ ọdún tó kọjá náà ni? Tó o bá ń bọ̀, má ra gílóòbù mọ́ jọ̀ọ́. Rìléè méjì tó dáa ni kó o mú bọ̀, volt 12, nítorí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń jó sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Ọlọ́kọ̀ ẹja