Kọ̀ǹpútà tí ò ní tíṣà

Àyìnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Jámánì ńkọ́? Àwọn ọmọ dáadáa? Nígbà tí o pè lọ́jọ́sí, o bi mí ohun tí mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe tí mi ò fi ń sùn, dátà mi sì tán kí n tó dáhùn.

Ìhun gbólóhùn ni. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá mọ ibi tí àpólà kan, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó so pọ̀ bí ẹyọ kan nínú gbólóhùn, ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ pín in fún un. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì rí ti wọn ṣe: ní Yunifásítì Pennsylvania, wọ́n jókòó pín gbólóhùn ìwé ìròyìn tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ ṣèyẹn fún Yorùbá? Èmi kọ́ o.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Dan Klein àti Christopher Manning, dá ní Yunifásítì Stanford ní 2002 ni mò ń tọ̀. Wo "Bọ́lá ra ẹja tútù ńlá kan." Fi "á" rọ́pò "ẹja tútù ńlá kan", ó di "Bọ́lá rà á", kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ fi "sùn" rọ́pò "ra ẹja": "Bọ́lá sùn tútù ńlá kan." O ti ń rẹ́rìn-ín! Àwọn tó lè gba ipò ara wọn láàárín ọ̀rọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà á ní àpólà nìyẹn.

Lórí gbólóhùn tí kò ju ọ̀rọ̀ 10 lọ, tiwọn gba máàkì tó lé ní 71 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ronú rárá, tó kàn ń so gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́ ti apá ọ̀tún, á gba 60! Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti fọwọ́ pín, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ni wọ́n sì kó fún un. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe tíṣà?

Tèmi tún wá le. Àtẹ̀jíṣẹ́ èmi àti ìwọ ni mo kó fún un kà, kò sì sí àmì ohùn kan nínú ẹ̀. Ó kan "O ko wa." Ó kọ́ wa ni? Ó kó wa? Ó kọ̀ wá? Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, "ko" ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì fi í sọ́kàn bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ìkómọ Tómi lo kọ ọ́ sí mi, pé "O kò wá" ni.

Èmi mọ̀ ọ́n. Tìkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá ti wà lọ́wọ́ mi. Bá mi kí bàbá Tómi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí