Kí o tó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn

Àkànní ọmọ mi,

O ní ipò kẹta ti sú ọ, o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o lè gbájú mọ́ eré sísá. Ẹ̀mí balẹ̀ ná, jẹ́ ká yẹ Edvin Wide wò.

Kimito ní Finland ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1896, àmọ́ Sweden ló sáré fún. Tísà ni. Láàárín 1920 sí 1928, ó gba fàdákà kan àti idẹ mẹ́rin ní Òlíńpíìkì. Wúrà kò kàn án rí, torí ayé Nurmi àti Ritola, àwọn sárésáré ará Finland, ló bọ́ sí.

Gbé bírò. Ní Paris lọ́dún 1924, Ritola sá 10,000 mítà ní 30:23.2, Wide tẹ̀ lé e ní 30:55.2. Ìyípo pápá Colombes jẹ́ 500 mítà, ogún ìyípo nìyẹn. Pín ìṣẹ́jú-àáyá 32 tó wà láàárín wọn sí ogún: 1.6 péré ní ìyípo kan. Kí o tó pe "Olúwaṣeun" tán, ó ti lọ! Nítorí náà, má sọ ipò tí o gbé fún mi mọ́. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ni kí o máa kọ sílẹ̀. Bí ìyípo márùn-ún tó kẹ́yìn bá fi ohun tó ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ pẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ju márùn-ún àkọ́kọ́ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ ló le jù. Ibẹ̀ ni kí o ti dẹwọ́.

Oòrùn ńkọ́? Ní July 12 ọdún náà, èèyàn 38 bẹ̀rẹ̀ eré orí pápá gbalasa nínú ooru líle, 15 ló parí rẹ̀. Wide ò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ó ti gba àmì ẹ̀yẹ méjì lọ́sẹ̀ yẹn. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń tu ara. Bó bá dá lójijì, tí òtútù wá ń mú ọ nínú oòrùn, yà kúrò lójú ọ̀nà. Wá ibòji, da omi sórí, sọ́rùn, sábẹ́ apá. Má ní o fẹ́ parí eré.

Ó pé ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn Nurmi gbolẹ̀ ní Berlin, September 1926: ó ṣáájú rẹ̀ ní 1,500 mítà, níbi tí Peltzer ará Jámánì ti gba ipò kìíní, lọ́jọ́ kejì ó sá máìlì méjì ní 9:01.4, kò sẹ́ni tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ láyé nígbà náà.

Ọmọ ọdún 23 ni ọ́. Fi àkókò ìyípo ti Sátidé ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀gá rẹ tó rí lẹ́tà kankan.

Ìyá rẹ